Agbẹ̀bí àti Ẹ̀rọ Tí Ń Wo Inú Aboyún

Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni agbẹ̀bí fi ń ríran: yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ikùn wò, yóò béèrè ìgbà tí obìnrin rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn, yóò sì fi ìka ka oṣù. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó lóyún nígbà tí ó ṣì ń fún ọmọ lọ́mú, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì padà, níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ kíkà?

Ní 1958, ní ìlú Glasgow, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé a lè fi ìró wo inú ènìyàn. Ìró náà ga ju èyí tí etí lè gbọ́ lọ. A máa wọ inú ara, a máa ta padà, ẹ̀rọ a sì sọ ìtapadà rẹ̀ di àwòrán. Oje tútù tí ń yọ̀ bí ilá, tí a ń fi pa ikùn, kì í ṣe oògùn. Ó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò lọ́nà ìró náà ni.

Ní Amẹ́ríkà lónìí, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ti fọwọ́ sí i pé ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí yanjú nínú wọn lè lò ó. Ohun tí irú agbẹ̀bí bẹ́ẹ̀ ń wò níbẹ̀rẹ̀ oyún kò pọ̀: bóyá inú ilé-ọmọ ni oyún wà, àbí ó há sí ojú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, níbi tí ó ti lè bẹ́ kí ó sì gbẹ̀mí ìyá, bóyá ọkàn ọlẹ̀ ń lù, èyí tí a lè rí láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, ọmọ mélòó ni, ọ̀sẹ̀ mélòó ni. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ni yóò fà á lé lọ́wọ́.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí agbẹ̀bí bá wọn ọlẹ̀ láti àtàrí dé ìdí kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 14, nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7 péré ni ìṣirò ọjọ́ orí oyún fi lè yẹ̀. Bí oyún bá ti wọ oṣù kẹjọ, ó lè yẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ 3, nítorí ọmọ kan a ti sanra, òmíràn a sì tẹ́ẹ́rẹ́.

Fún àwa Yorùbá, tí Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn ń yà lọ́dọ̀ wa ju ọ̀dọ̀ ẹ̀yà yòókù lọ, ọ̀rọ̀ yìí tún jinlẹ̀ sí i. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìbejì wa, olóbi tirẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá wá. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ nínú olóbi kan ṣoṣo, ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan lè máa ṣàn lọ bá èkejì. Àwọn bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ máa wò lemọ́lemọ́, kí ọ̀sẹ̀ 14 tó pé ni a sì ń rí ìyàtọ̀ náà kedere jù.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í náwó sí ẹ̀rọ yìí àfi nígbà tí ikùn bá ti yọ gbọ̀ǹgbọ̀, kí wọn lè béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí aboyún ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí ìyàwó ilé yín bá ti fẹ́ra kù, ẹ má dúró de oṣù karùn-ún. Ẹ mú un lọ bá agbẹ̀bí.