Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Ni Kí Owó Kọ́kọ́ Wọ̀

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí èbúté Lomé ti darúgbó kí ó tó fojú kan ọ̀nà Sokodé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè ṣì gbọ́ tirẹ̀, àmọ́ sípíkà tí ó bá a wá láti ilé iṣẹ́, oníbébà ni lọ́pọ̀ ìgbà: òòrùn ti sá a, omi ti kàn án nínú ilẹ̀kùn, etí rẹ̀ sì ti ń ya. Òun náà ló tún wá ń fara da eruku pupa Tchamba àti Kambolé. Bí owó díẹ̀ bá wọlé, ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń sáré rà ni wúfà ràgàjì kan fún ẹ̀yìn ọkọ̀, pẹ̀lú ámpù tí yóò máa gbé e lù. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni owó kékeré ti ń ṣòfò. Ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì ló yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí a ń fi rédíò ọkọ̀ gbọ́ ní agbègbè yìí. Sokodé, ìlú mùsùlùmí ni; wáàsí àti kíké Kùránì kò jìnnà sí etí èrò ọkọ̀. Ìròyìn wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló ṣáájú ìlù nínú púpọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tiwa sì nìyí, ohùn ló gbé e ró: ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, lẹ́tà kan náà ni wọ́n. Èdè Tem tí àwọn Kotokoli ń sọ náà ń lo ohùn. Nígbà tí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sábà máa ń gbọ̀n láti ìgbà 85 dé 180 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti obìnrin sì máa ń wà láàárín 165 sí 255. Àmọ́ ohun tí etí fi ń mọ “s” yàtọ̀ sí “f” ga ju ìyẹn lọ fíìfíì, ó wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wúfà kò lè dé ibẹ̀. Bí a bá gbé e lé orí sípíkà tó ti ya, ṣe ni yóò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Èrò ọkọ̀ á gbọ́ àrá, kò ní gbọ́ wáàsí.

Ẹlòmíràn á ní orin tí kò ní ìlù, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni ìlù náà gbà lọ? Bí awọ sípíkà bá ṣe ń ti afẹ́fẹ́ iwájú ni ó ń fa ti ẹ̀yìn. Irin inú ilẹ̀kùn kún fún ihò, afẹ́fẹ́ méjèèjì á gba ibẹ̀ pàdé, wọn á sì pa ara wọn, pàápàá àwọn ohùn ìsàlẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń lu awọ láìsí igi ìlù nídìí rẹ̀. Rọ́bà ọlọ́dà tó ní alumíníọ̀mù lẹ́yìn, irú èyí tí wọ́n fi ń dí òrùlé tó ń jò, lè dí àwọn ihò wọ̀nyí pa. Kí a fi pátákó tí a gé roboto tẹ́ ìdí sípíkà kí ó má baà gbọ̀n. Ìlù tó sọnù á padà wá láìra wúfà rárá. Kí ẹni tó ń ṣe é ṣáà ṣọ́ ibi tí gíláàsì ń gbà lọ sókè-sódò, kí ó má sì dí ihò ìsàlẹ̀ tí omi òjò ń gbà jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìpatà ni yóò jogún ilẹ̀kùn.

Àtakò kejì ni ti agbára. Wọ́n kọ “50W x 4” sára rédíò, èyí tó já sí 200. Ẹ yí i padà, ẹ wo fíúsì ẹ̀yìn rẹ̀: ámpíà 10 ló máa ń wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Bátìrì ọkọ̀ kò ju nǹkan bí fóltì 14 lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. 14 lọ́nà 10 jẹ́ wáàtì 140, ooru sì ti jẹ nínú ìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 15 sí 20 lọ fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn náà tó, bí sípíkà bá gbọ́ràn. Bí a bá sọ agbára di ìlọ́po méjì, dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 3 péré ló ń fi kún ohùn. Etí sì ń fẹ́ nǹkan bí 10 kí ó tó gbà pé ohùn ti di méjì. Nítorí náà, sípíkà tó ń mú 90 wá láti inú wáàtì 1 sàn ju ti 87 lọ bí ẹni pé a ra ámpù tó lágbára ní ìlọ́po méjì. Nọ́ńbà kékeré yìí ni kí ẹ wá lára páálí. Èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà, ẹ̀tàn ọjà ni.

Rédíò ńkọ́? Bí ó bá ní ojú USB, ẹ fi í sílẹ̀. Ti ọkọ̀ tó wá láti Japan ló yàtọ̀: FM rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 76, kì í sì í kọjá 90 tàbí 95, nígbà tí tiwa dé 108. Ti Amẹ́ríkà máa ń fò láti 88.1 sí 88.3, kì í dúró lórí 88.2. Ìyẹn nìkan ni yóò mú kí rédíò gba owó ṣáájú sípíkà.

Kí réwáyà má gé wáyà ilé iṣẹ́ bí ẹnu ìsopọ̀ tó bá a mu bá wà lọ́jà. Bí ó bá so sípíkà kan ní òdìkejì, èyí ń lọ, èyí ń bọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ á tún pòórá. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì oní-1.5 kan tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi orí rẹ̀ kan wáyà pọ́sítíìfù, kí ìdí rẹ̀ kan èkejì, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Bí awọ bá ta síta, ó tọ̀nà. Bí ó bá wọlé, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó de ilẹ̀kùn.