Oògùn Ara Ríro àti Oògùn Ibà: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ìgbà Tó Ń Kúrò Lára

 

Ẹni tó ru iṣu, tó tún dúró tajà látàárọ̀, parasitámọ̀ ló máa ń wá lálẹ́. A ò ní ká má lò ó. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé oògùn tí a gbé mì kì í tán lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́, díẹ̀ díẹ̀ sì ni.

Ẹ jẹ́ ká fi gàrí ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní kóńgò 8 wà nínú báàfù. Bí ìdajì bá tà, ó ku 4. Bí ìdajì ìyẹn tún tà, ó ku 2, lẹ́yìn náà 1. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oògùn ṣe ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ti parasitámọ̀, ìdajì rẹ̀ ń lọ láàrin wákàtí 2 sí 3. Ẹni tó bá tún lo òmíràn kí wákàtí 4 tó pé, gàrí tuntun ló ń dà lé ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, hóró parasitámọ̀ 500 milígíráàmù kò gbọ̀dọ̀ ju 8 lọ fún àgbàlagbà láàrin wákàtí 24. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ọ̀fìnkìn o! Púpọ̀ nínú wọn ní parasitámọ̀ nínú, bí orúkọ ara páálí tilẹ̀ yàtọ̀. Ẹ ní kí oníkẹ́míìsì ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín. Ẹni tó lò ó jù lè má rí nǹkan kan lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ̀dọ̀ sì ti máa bàjẹ́. Kó má dúró wo ara rẹ̀. Kó sáré lọ sí ilé-ìwòsàn tó súnmọ́ ọn, tàbí Federal Teaching Hospital ní Ìdó. Ìtọ́jú rẹ̀ wà, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 8 tó kọjá.

Oògùn ibà ńkọ́? Chloroquine ayé ọjọ́sí, tó ń mú kí ara yún wa, ìdajì rẹ̀ lè lo oṣù 1 sí 2 lára. Nígbà tí kò ran kòkòrò ibà mọ́, ìjọba fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2005. Èyí tó wọ́pọ̀ báyìí, artemether pẹ̀lú lumefantrine, oògùn 2 ló wà nínú hóró kan. Artemether ń yára pa kòkòrò, ìdajì rẹ̀ sì ń lọ ní nǹkan bíi wákàtí 2. Lumefantrine ló ń pẹ́, ìdajì rẹ̀ ń lo ọjọ́ 3 sí 6. Òun ló ń ṣa àwọn tó kù.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹfà láàrin ọjọ́ 3: ẹ̀ẹ̀kejì lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ jẹun tó lépo sí i, kí ó lè wọra dáadáa. Bí ara bá fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ má dá a dúró, ẹ má sì tọ́jú ìyókù fún ọmọ. Kòkòrò tó kù yóò tún gbérí.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni kíndìnrín ń dẹwọ́, oògùn mìíràn á sì pẹ́ lára ju ti ọmọdé lọ. Ẹ má gba oògùn lọ́wọ́ aládùúgbò ìsọ̀ yín. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

Ìlera lọrọ̀. Ajé á wọgbá o.