Tetra Olójú Pupa, Ẹja Odò Wa

Ẹja tí mò ń sìn nínú táǹkì gíláàsì ní Èrúwà ni mo fẹ́ sọ lónìí: Arnoldichthys spilopterus, tetra olójú pupa. Odò Ògùn àti ìsàlẹ̀ Odò Ọya ni ilé rẹ̀. Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i nínú odò.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n yé, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn òbí ti jẹ gbogbo ẹyin tán. Ohun tí mo kọ́ rèé. Ẹ sin mẹ́fà pọ̀, ó kéré tán. Ẹ bu omi òjò tó mọ́ lu omi kànga. Bí wọ́n bá ti yé, ẹ kó òbí kúrò. Kí ọjọ́ méjì tó pé, ẹyin á pa.

Bí a bá ń bí wọn nílé, a ò ní kó ti odò tán.