Olùtúmọ̀ Ìwé àti Ògbufọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò. Mo fẹ́ fi ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àwọn oríkì tí mo gbà sílẹ̀ wé gbogbo ìlà yòókù, kí n lè mọ èyí tó jọra. Mo fi èdè Python kọ ìlànà iṣẹ́ náà. Kọ̀ǹpútà ṣe é fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí ó kan ìlà tó kẹ́yìn, níbi tó ti yẹ kí ó tọ́jú èsì, ó kọ̀. Lẹ́tà kan ni mo ṣì kọ nínú orúkọ kan. Iṣẹ́ òru di òfo.

Kí ló fà á? Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè tí à ń kọ. Òdo àti ení nìkan ló gbọ́. Ìtumọ̀ wá di dandan, ọ̀nà rẹ̀ sì pé méjì.

Èkíní dà bí iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí Bíbélì. Ní 1884 ni odindi rẹ̀ jáde ní Yorùbá. Ẹni tó ń kà á lónìí kò wá olùtúmọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń túmọ̀ èdè C, tí Dennis Ritchie ṣe ní nǹkan bí 1972. Kọ̀ǹpáílà ni olùtúmọ̀ rẹ̀. Yóò ka ìwé náà tán, yóò túmọ̀ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì ní gba orúkọ tí a kò kéde. Iṣẹ́ náà a sì máa yá.

Èkejì dà bí ògbufọ̀ tó dúró ti oníwàásù: gbólóhùn kan, ìtumọ̀ kan. Python, tó jáde ní 1991, sún mọ́ èyí. Ó rọrùn láti dán ìlà kan wò lójú ẹsẹ̀. Lóòótọ́, ó máa ń yẹ gírámà ìwé wa wò ṣáájú, ṣùgbọ́n orúkọ tí a ṣì kọ kò hàn sí i títí yóò fi kàn án.

Ẹ má ṣe rò pé èdè fúnra rẹ̀ ni a pín sí méjì o. Ọ̀nà ìtumọ̀ ni. Python pàápàá ń kọ́kọ́ yí ìwé wa sí èdè àárín kan kí ògbufọ̀ tó gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni Java, tó jáde ní 1995.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń bá ògbufọ̀ ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi ìlà mẹ́wàá péré dán an wò dé òpin. Ìṣẹ́jú kan ni ìbá gbà mí.