Ta Ni Ó Ni Èkùrọ́?

Bí a bá gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ kọ ẹ̀rọ tuntun, kíákíá ni a máa ń sọ pé ojú wọn kò là. Bẹ́ẹ̀ ni a sọ nípa àwọn tí ń hun ìbọ̀sẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń fọ́ ẹ̀rọ ní 1811 àti 1812, títí ìjọba fi ṣòfin pé pípa ni kí a pa ẹni tí ó bá ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ̀rọ ìhunbọ̀sẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wọn. Owó ọ̀yà tí àwọn ọ̀gá ń gé ni ó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n kí a má rìn jìnnà, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó kan àwa ará Àjàṣẹ́ wà lórí ọ̀pẹ.

Lẹ́yìn ogun 1939 sí 1945, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú àwọn ilé-ẹ̀rọ kéékèèké tí ń fún epo wọ ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ní ilẹ̀ Ìgbò àti ti Ìbíbíò. Ẹ̀rọ náà dára, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn nínú kòtò kò ní rí ju ìdajì epo rẹ̀ lọ, àfi díẹ̀; ẹ̀rọ a máa mú nǹkan bí 85 jáde nínú 100. Omi pípọn àti igi ṣíṣẹ́ dínkù. Síbẹ̀, àwọn obìnrin gan-an ni ó tú jáde pé àwọn kò fẹ́ ẹ ní ìlú àwọn.

Èéṣe? Ní ilé wọn, epo jẹ́ ti baálé, èkùrọ́ jẹ́ ti aya. Obìnrin a ṣe epo fún ọkọ rẹ̀, a sì pa èkùrọ́ tirẹ̀, a tà á. Owó iyọ̀ nìyẹn, owó aṣọ ọmọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tí ó fi ṣe. Ṣùgbọ́n bí baálé bá ti ru ìdì ẹyìn lọ sí ilé-ẹ̀rọ, ó ti ta epo àti èkùrọ́ pọ̀, ọwọ́ òun nìkan ni owó sì bọ́ sí. Àwọn tí ó gbé ẹ̀rọ wá ti wọn epo. Wọn kò wọn ohun tí ó wà láàárín ọkọ àti aya. Ní 1981, Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì kọ̀wé lórí iṣẹ́ pé olùrànlọ́wọ́ ènìyàn ni ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó lè di ọ̀tá rẹ̀. Àwọn ìyá wọ̀nyí ti rí i ṣáájú.

Nítòsí wa, Avrankou náà ní ilé-ẹ̀rọ epo láyé Faransé. Síbẹ̀ ọwọ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ epo ṣì wà jù lọ ní ilẹ̀ wa títí di òní. Wọn kò sì sá fún ẹ̀rọ: ẹ wo bí wọ́n ti ń tò nídìí èyí tí ń rin gbágùúdá. Bákan náà ni ti ẹ̀rọ kékeré tí ń lọ ẹyìn ní abúlé. Obìnrin a san owó lílọ̀, a gbé epo rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, a sì ru apẹ̀rẹ̀ èkùrọ́ rẹ̀ lọ sílé láti sá a sóòrùn.