Ebòlò Kò Fi Òórùn Rẹ̀ Pamọ́

Àwọn àgbà ní kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ẹni tí ìwà rẹ̀ kò yí padà ni wọ́n ń fi bú, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀fọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀. Òórùn yẹn gan-an ni mo ń wá nínú ọbẹ̀.

Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta sórí oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán tí a sì dáná sun, ebòlò wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ yọjú láàárín eérú. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Irúgbìn rẹ̀ ní irun funfun bí òwú lórí, atẹ́gùn ló ń gbé e kiri. Igi rẹ̀ rọ̀, omi kún inú rẹ̀, èékánná lásán la fi ń já a. Òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, a sì máa dorí kodò. Kó tó tanná ló yẹ ká já a, torí bó bá ti tanná tán, igi á yi. Ẹni tó bá já orí rẹ̀ nìkan, tó fi ìdí sílẹ̀, á tún rí òmíràn já, nítorí yóò pẹ̀ka.

Ẹ jẹ ẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Èkìtì àti Oǹdó. Wọ́n á bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná díẹ̀, wọ́n á fún un, wọ́n á wá dà á sínú ata tó ti jiná pẹ̀lú epo pupa, irú àti ẹja gbígbẹ. Àwọn mìíràn á fi ẹ̀gúsí sí i. Iyán ló bá a mu jù. Ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀ kí òórùn lè kúrò lára rẹ̀, kí ló kù tó fẹ́ jẹ? Kó kúkú lọ ra tẹ̀tẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí èròjà kan tó ń jẹ́ jacobine nínú rẹ̀, irú èyí tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bó bá pọ̀ lára. Nítorí náà, n kì í jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn ìyá wa náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: lónìí ebòlò, lọ́la gbúre, lọ́túnla ọ̀dú.

Oògùn apakoríko ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tó jẹ́ àdá la fi ń ro oko kòkó, ebòlò àti wọ̀rọ̀wọ́ máa ń rí ibi sá sí. Ní báyìí, pọ́ǹpù ti wọ oko, ẹ̀fọ́ tí wọ́n sì fọ́n oògùn sí lánàá ṣì lè tutù yọ̀yọ̀ lójú lónìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún ebòlò láyè lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá kànga. Mo máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ kó gbó, kí atẹ́gùn bá mi gbìn ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á lọ́jà, ẹ má tijú láti bi ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ léèrè oko tí wọ́n ti já a, àti bóyá wọ́n fọ́n oògùn síbẹ̀. Bí wọn ò bá fún yín lésì gidi, ẹ bá tiyín lọ.