Ta Ló Ni Gìtá Yẹn?

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Treichville, ní Abidjan, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. A ti jẹun tán, àwọn ọmọdé ti ń sùn lọ lórí àga, ẹni tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ wá fi àwo àtijọ́ kan sí i nítorí àwọn àgbà. Sunny Adé ni. Kò pẹ́ tí gìtá kan fi yọ láàárín ìlù, tó ń fa ohùn láti òkè wá sílẹ̀, tó tún ń gbé e padà. Bàbá kan, ọmọ Èjìgbò, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbé ọwọ́ sókè pé kí a dákẹ́.

"Gìtá tó ń ké yẹn, ta ló ni ín?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dáhùn pé, "Bàbá, ti Sunny ni."

"Sunny ló ni orin. Ẹni tó ni gìtá ni mò ń bi yín léèrè."

Gbogbo ilé dákẹ́. Àwa tí a ti ń jó sí gìtá yẹn láti kékeré, kò sí ẹni tó lè dárúkọ ẹni tó ta á. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Orúkọ tí bàbá ń wá ni Démọ́lá Adépọ̀jù, ẹni tó jókòó ti gìtá náà nínú African Beats, ẹgbẹ́ Sunny. Àmọ́ bí mo ṣe ń wá orúkọ yẹn ni mo rí i pé gìtá irú èyí ní ìtàn tó jìnnà ju Èkó àti Oǹdó lọ, àti pé àwọn ènìyàn kan wà láyé tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa wá àwọn tó ti ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gìtá náà rí.

Àwọn òyìnbó ń pè é ní pedal steel guitar. Gìtá Hawaii ni ọ̀pọ̀ àwọn olórin tiwa mọ̀ ọ́n sí. Ẹnì kan kì í fi í kọ́ ọrùn. Orí ẹsẹ̀ irin ló ń dúró, ẹni tó ń ta á a sì jókòó ti ì. Okùn mẹ́wàá ló wọ́pọ̀ lórí rẹ̀, òmíràn sì ní ọrùn méjì, okùn mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ òsì á di irin róbótó kan tó ń dán mú, á máa fà á lórí okùn láìtẹ okùn mọ́ igi. Ọwọ́ ọ̀tún á wọ òrùka sí àtàǹpàkò àti sí ìka méjì tàbí mẹ́ta, òun ló ń ta okùn. Ìsàlẹ̀ ni àràmàǹdà rẹ̀ wà. Bí ẹsẹ̀ òsì bá tẹ irin kan nílẹ̀, ọ̀pá tín-ín-rín kan lábẹ́ gìtá á fa okùn kan tàbí méjì le sí i, ohùn ìwọ̀nyẹn á gòkè, àwọn yòókù á sì dúró síbi tí wọ́n wà. Orúnkún náà ní irin tirẹ̀ tó ń tì sọ́tùn-ún àti sósì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń mú kí ohùn pariwo tàbí kó rọlẹ̀. Ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, orúnkún méjì, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo gbà pé ìdí nìyí tí etí Yorùbá fi tètè gbà á. Ẹni tó bá ti rí onígángan tó ń fún ọṣán ìlù mọ́ abẹ́ apá, tí ohùn ń yọ́ gun òkè títí tó fi di ọ̀rọ̀, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ gìtá yìí.

Níbi tí ó ti wá ni ìjà wà, ìjà náà kò sì tíì parí títí di òní. Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù ni ti Joseph Kekuku, tí wọ́n bí ní Laie, ní erékùṣù Oahu, ní Hawaii, ní 1874. Wọ́n ní ọmọ náà ń rìn lẹ́bàá ojú irin, gìtá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá ṣa bóòtù irin kan nílẹ̀. Bóòtù yìí fara kan okùn gìtá, ohùn tí kò gbọ́ rí jáde, ló bá dúró. Àwọn míì ní kò sí bóòtù níbẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni. Àwọn míì tún ní òòyà ni. Àwọn kan ní 1885 ló ṣẹlẹ̀, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, àwọn kan sún un sí 1889, nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ Kamehameha ní Honolulu. Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà fún ọdún púpọ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n tán, ó sì fi irin tó dán rọ́pò ohun yòówù tó fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Hawaii kan wà tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Kekuku sí i. Wọ́n ní James Hoa ti ń ṣe é. Àwọn mìíràn ní Gabriel Davion ni, ọmọ kan tí wọ́n bí ní India, tí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan jí gbé, tí ìrìn àjò sì gbé dé Honolulu. Àwọn tó gbe Davion lẹ́yìn ní ohùn fífà yìí ti wà lórí ohun èlò orin India kí Hawaii tó mọ gìtá, nítorí náà ohun tí ọmọ náà bá délé rẹ̀ ló gbé kiri. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ilé ẹbí níbi ogún nìyẹn. Ẹni tí ó kú kò lè sọ̀rọ̀, àwọn tó wà láàyè sì ń fi orúkọ rẹ̀ jà.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ní ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀. Gerhard Kubik, ọmọ ilẹ̀ Austria tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn olórin Áfíríkà, rí àwọn ọmọdé tó ń ta ohun èlò olókùn kan ṣoṣo, tí ẹnì kan ń fi igi lù ú, tí ẹnì kejì sì ń fi ọ̀bẹ tàbí ohun mìíràn yọ̀ lórí okùn náà. Ó so èyí mọ́ okùn kan tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń kàn mọ́ ara ilé, tí wọ́n ń fi ìgò fà, tó sì wọ inú gìtá blues. Èmi kò ní torí pé ó dùn létí kí n fi gìtá Hawaii fún wa. Gìtá Hawaii, ilé Hawaii ló ti jáde. Ṣùgbọ́n ìgbà tó dé Amẹ́ríkà, ó bá etí tó ti mọ ohùn náà níbẹ̀. Kekuku ni mo fara mọ́ nínú ìjà náà, nítorí pé òun ló gbé e rìn. Ó kúrò nílé ní 1904, ó ń ta á, ó sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn káàkiri títí ó fi kú ní New Jersey ní 1932.

Ohun tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Ìpàtẹ ńlá ọdún 1915 ní San Francisco mú kí gbogbo Amẹ́ríkà ya wèrè sí orin Hawaii, iná mànàmáná wọ inú gìtá náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ìyẹn ìtẹsẹ̀, sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí Bud Isaacs fi ìtẹsẹ̀ tẹ ohùn kan gòkè nínú orin Webb Pierce tó jáde ní 1954, tó ń jẹ́ "Slowly," ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé gìtá tiwọn lọ sí ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n bá àwọn fi ìtẹsẹ̀ sí i.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kó gìtá náà jọ, tí wọ́n sì ń wá ẹni tó ti ni ín rí, ti wọlé. Paul Bigsby, ará California, tó ti ń fi alùpùpù sáré ìje rí, ṣe ọ̀kan fún Speedy West ní 1948. Àṣà Bigsby ni láti kọ orúkọ oníbàárà sí iwájú gìtá gbàgàdà. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá yọ lónìí láti inú yàrá ẹrù ẹnì kan, ó lè jẹ́ pé orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ló máa kí ọ. Ti Sho-Bud, tí Shot Jackson àti Buddy Emmons dá sílẹ̀ ní Nashville ní àwọn ọdún 1950, tàbí ti Emmons fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ń fẹ́ iṣẹ́ díẹ̀ sí i. Wọ́n á wo nọ́ńbà ara rẹ̀, wọ́n á wo bí wọ́n ṣe to àwọn ọ̀pá abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi àpá tó wà lójú igi wé àwòrán ẹgbẹ́ olórin àtijọ́. Bí àpá bá bá àpá mu, wọ́n á kọ̀wé sí ọmọ olóògbé. Gìtá tí wọ́n mọ ẹni tó ta á rí lówó lórí ju ìkejì rẹ̀ tí kò ní ìtàn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe àwọn méjèèjì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n ń pè ní House of God, ní Amẹ́ríkà, irú gìtá yìí ló ń gbé orin ìyìn láti àwọn ọdún 1930. Ibẹ̀ ni Robert Randolph, tó gbajúmọ̀ nídìí gìtá yìí, ti jáde. Mo mẹ́nu bà á kí a lè mọ̀ pé ọwọ́ dúdú ti wà lórí irin yìí tipẹ́.

Ti jùjú ńkọ́? Túndé King bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó, Àyìndé Bàkàrè fi iná sí gìtá, I.K. Dáírò mú àkọ́díọ́nì wọ inú rẹ̀. Sunny Adé ló mú gìtá onírin yìí wọlé. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé orin country ti Jim Reeves, ọmọ Amẹ́ríkà, kò ṣàjèjì nínú ilé àwọn bàbá wa, etí wọn ti mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Martin Meissonnier, ọmọ Faransé, kó African Beats lọ sí Lomé, tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Island sì gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, ohùn gìtá Adépọ̀jù wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn òyìnbó dá etí wọn sílẹ̀. Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983. Ní 1986 ni Paul Simon gbé Graceland jáde. Ọmọ South Africa ló ta gìtá àti báàsì inú orin tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà, ṣùgbọ́n gìtá onírin tó ń yọ̀ lẹ́yìn wọn, Démọ́lá Adépọ̀jù ni. Ilé Elvis Presley ní Memphis ni orin náà ń sọ nípa rẹ̀, ọmọ Yorùbá ló sì fi ohùn orin country ti Nashville sí i. Ó yẹ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ orin wa máa fi èyí kọ́ ọmọ.

Kí ló wá kan Abidjan? Ìlú yìí ti di ilé kejì fún àwọn ọmọ Èjìgbò, bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ní Treichville, ní Adjamé, títí dé Abobo. Òwò ló gbé wọn wá, orin wà lára òwò náà. Raïmi Gbadamassi, tí Abidjan mọ̀ sí Badmos, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde níhìn-ín, òun ló wà lẹ́yìn Ziboté, àwo tí olórin Ernesto Djédjé ṣe ní 1977. Èkó, ní ilé iṣẹ́ EMI, ni wọ́n ti gba orin ọmọ ẹ̀yà Bété yẹn sílẹ̀. Ọ̀nà tí Djédjé gbà lọ ni àwo Sunny àti ti Obey, olórin jùjú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbà wá.

Bàbá pè mí sílé lọ́jọ́ kejì, ó kó àwọn àwo tirẹ̀ síwájú mi. Páálí wọn ti di aláwọ̀ tíì, tẹ́ẹ̀pù ló so igun wọn pọ̀. Lẹ́yìn ọ̀kan, orúkọ ènìyàn mẹ́rin ni mo kà, bíírò lóríṣiríṣi, wọ́n fi ìlà gba àárín mẹ́ta nínú wọn. Lábẹ́ èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ "Avenue 16" sí. Òkè pátápátá ni iye tí wọ́n rà á wà, ní fáráǹkì. Bàbá mọ gbogbo wọn. Ọ̀kan jẹ́ télọ̀, ọ̀kan padà sílé nígbà ogun tó jà níhìn-ín ní 2002, ẹ̀kẹta fi í dúró fún gbèsè. A mọ ẹni mẹ́rin tó ni páálí, orí páálí náà kò sì ní orúkọ ẹni kan ṣoṣo nínú àwọn tó lu ìlù àti àwọn tó ta gìtá inú rẹ̀. Àwòrán ọ̀gá nìkan ló gba iwájú àti ẹ̀yìn.

Ọ̀rẹ́ bàbá kan tó bá wa níbẹ̀ sọ pé ìgbà tí Sunny ti òkè òkun dé ni gìtá yìí wọ inú jùjú. Bàbá ní irọ́ ni, òun ti jó sí i ní Èjìgbò kí òyìnbó kankan tó mọ Sunny. Wọ́n fà á títí tí ìyàwó bàbá fi gbé oúnjẹ wá. Bàbá ni mo gbè, nítorí ẹni tó jó mọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jó.

Ní òde àríyá ìsinsìnyí, kíbọ́ọ̀dù ló ń ṣe iṣẹ́ gìtá náà. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù á tẹ bọ́tìnnì kan, ohùn tó jọ ọ́ á jáde, ṣùgbọ́n kò ní yọ̀ láti ohùn kan dé èkejì bí ó ti yẹ, á kàn fò ni. Ó ń bí mi nínú. Okùn gìtá náà wọ́n, ọ̀pá abẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ó sì wúwo láti gbé wọ ọkọ̀. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀ àwọn tó ṣe é ní àkókò tiwọn náà kò ní mọ́tò tó dára ju tiwa lọ.

Bí olórin jùjú kan bá ti kú nínú ilé yín, ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Kútọnú tàbí ní ìlú yìí, tí ẹ sì rí àpótí gígùn kan lábẹ́ ibùsùn tí irin àti okùn wà nínú rẹ̀, ẹ má tíì pe oní-irin-àlòkù. Ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ àti etí rẹ̀ bóyá nọ́ńbà wà níbẹ̀, kí ẹ yà á ní fọ́tò. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú bébà, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ta á, ẹgbẹ́ tó bá ta á, àti ọdún tí ẹ bá rántí, kí ẹ sì fi bébà náà sínú àpótí.